Ṣé ẹ̀rọ ìgbọ́ràn lè dá iyè ríra dúró fún àgbàlagbà?

ỌmọÌjẹ̀bú_Maryland:
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Màámi ti lé lẹ́ni ọdún 75, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé. Etí wọn ò gbọ́ dáadáa mọ́, tá a bá sọ̀rọ̀ wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín wọ́n á dáhùn nǹkan mìíì, wọn kì í gbé fóònù àwọn àbúrò wọn nílé mọ́, àwọn ọmọ tiẹ̀ ń sọ pé màmá àgbà ti ń gbàgbé nǹkan. Dókítà ní ká ra ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, pé á ran ọpọlọ wọn lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní wọ́n kàn fẹ́ tajà ni. Ṣé òótọ́ ni? Torí owó ẹ̀ ò kéré.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà:
Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Àwọn yunifásítì Johns Hopkins ní Maryland yín níbẹ̀ ló ṣáájú ìwádìí kan tó ń jẹ́ ACHIEVE, èsì ẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn tó ń jẹ́ Lancet ní 2023. Àgbàlagbà 977, ọdún 70 sí 84, wọ́n fún apá kan ní ẹ̀rọ, wọ́n kàn ń kọ́ apá kejì nípa ìlera, wọ́n ṣọ́ wọn fún ọdún 3. Tẹ́ ẹ bá kó gbogbo wọn pọ̀, kò sí ìyàtọ̀ gidi, àwọn tó ń tà á kì í sọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tí ewu tiwọn pọ̀, àwọn tó dàgbà jù, tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ wà lára wọn, bí iyè wọn ṣe ń lọ sílẹ̀ fi ìdá 48 nínú 100 falẹ̀ ju tàwọn tí ò lo ẹ̀rọ. Kì í wo èèyàn sàn o.

Baba_Ìbejì:
Mo fara mọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ tún wo èyí, ohun tí màmá ò gbọ́, báwo ni wọ́n ṣe máa rántí ẹ̀? Gbogbo agbára ọpọlọ ti lọ síbi kí wọ́n máa wá ohun tẹ́ ẹ sọ, tó bá sì sú wọn wọ́n á dákẹ́, wọ́n á máa dá jókòó, ìdákẹ́ yẹn gan-an ń ba ọpọlọ jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n wo inú etí, ó lè jẹ́ ìdọ̀tí ló dí i. Tó bá jẹ́ pé kò tíì le púpọ̀, láti October 2022 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ohun èlò ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, ti gbà kí àgbàlagbà máa ra irú kan láìgba ìwé dókítà, owó ìyẹn mọ níwọ̀n.

ỌmọÌjẹ̀bú_Maryland:
Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, gèlè ńkọ́? Màámi ò lè lọ ṣọ́ọ̀ṣì láìwé gèlè.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà:
Tí gèlè bá bo ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀ ó máa súfèé. Kí wọ́n wé e sókè etí díẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó máa wọn etí wọn náà, kó bá wọn wá èyí tó kéré. Kí wọ́n sì kọ́kọ́ máa lò ó nínú ilé, torí ariwo á pọ̀ fún wọn níbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń yọ ọ́ jù sínú dúrọ́ọ̀.