"Àṣìṣe", "kíkọ̀" àti "ìráhùn": èsì mi lórí ọ̀rọ̀ sáfà

Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín o.

Ọ̀gá wa tí wọ́n kọ̀wé ní ìjẹta dábàá pé kí a máa lo "àṣìṣe" fún gbogbo ìlà tí kọ̀ǹpútà bá fi sọ pé nǹkan kò lọ bó ṣe yẹ, kí a sì máa pe root (aṣàmúlò tí àṣẹ rẹ̀ kan gbogbo ẹ̀rọ) ní "gbòǹgbò". Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nílé wa ní Ìkòròdú lọ́sẹ̀ tó kọjá kò jẹ́ kí n lè gbà.

Sáfà kékeré kan, kọ̀ǹpútà tí àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn ń wọ̀, wà ní pálọ̀ wa tí a ń kó fọ́tò ẹbí sí. Mo wà ní Ẹ̀pẹ́, mo ń fi SSH, ètò tí a fi ń wọ kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn, gbìyànjú láti wọ inú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí root, ṣùgbọ́n iye ìgbà tí mo tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, tí ó sì pé, ni ó dá mi lóhùn pé "Permission denied". Mo pe àbúrò mi pé kí ó fi orúkọ tirẹ̀ wọlé láti orí laptop rẹ̀. Ó wọlé, àmọ́ ìlà kan yọ sí i: "cannot change locale", pé kò lè yí ètò èdè padà. Ni ó bá ní, "Bọ̀dá mi, àṣìṣe ti pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ yìí, ẹ jẹ́ kí n nu gbogbo rẹ̀ kúrò, kí n tún un tò." Bí mo bá gbà fún un ni, fọ́tò ìsìnkú bàbá wa àgbà ti lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ náà wò: à-ṣì-ṣe, ohun tí a ṣì ṣe. Ta ni ó ṣì í ṣe níhìn-ín? Láti ìgbà tí OpenSSH 7.0, ẹ̀dà kan nínú ètò tí ń ṣe iṣẹ́ SSH, ti jáde ní 2015 ni PermitRootLogin, ìlà tí ó ń sọ bí root ṣe lè wọlé, ti wà lórí prohibit-password, àfi bí ẹnìkan bá yí i padà: root lè fi kọ́kọ́rọ́ (fáìlì ìdánimọ̀) wọlé, kò lè fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé, ìbáà jẹ́ èyí tó pé. Ọlọ́dẹ tí kò ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó má ṣí i fún kò ṣàṣìṣe. Ó kọ̀ ni. "Kíkọ̀" ni kí a pè é. Nígbà tí àbúrò mi fi sudo, àṣẹ tí a fi ń ṣe iṣẹ́ root, kọ apá kọ́kọ́rọ́ mi tí ó ṣeé fi han gbogbo ayé sínú authorized_keys ti root, fáìlì àwọn kọ́kọ́rọ́ tí a gbà láyè, mo wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ti ìlà kejì ló dùn mọ́ mi jù. Èdè Yorùbá ni àbúrò mi fi sí orí laptop rẹ̀, SSH sì gbé ètò èdè náà, yo_NG, dání lọ bá sáfà tí a kò tíì ṣe é fún. Sáfà sọ pé òun kò ní in, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ohun tí Yorùbá ń pè ní ìráhùn gan-an nìyẹn, kí ẹni tí kò ní máa sọ̀rọ̀ àìní rẹ̀. Ẹ rántí àdúrà wa pé a kò ní ráhùn owó, a kò ní ráhùn ọmọ. Sáfà wa ń ráhùn Yorùbá! Mo yọ àmì # kúrò níwájú yo_NG nínú /etc/locale.gen, àkójọ ètò èdè sáfà, mo pe locale-gen kí ó ṣe é, ó sì dákẹ́.

Ẹnìkan lè ní "ìkìlọ̀" tó. Kò tó, nítorí ewu wà nínú ìkìlọ̀: bí SSH bá sọ pé ìdánimọ̀ sáfà ti yí padà, kí a dúró, ìyẹn ni ìkìlọ̀. Bí mo bá sì ṣi lẹ́tà kọ nínú sshd_config, fáìlì ètò SSH lórí sáfà, àṣìṣe ni, èmi ni mo sì ni ín.

Ní ti "gbòǹgbò", ó bá / (àpò fáìlì àkọ́kọ́, tí wọ́n tún ń pè ní root) mu, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo àpò fáìlì ti ń yọ ẹ̀ka. Ṣùgbọ́n root tí ó jẹ́ aṣàmúlò kì í ṣe gbòǹgbò. Ẹni tí ó lè wọ gbogbo yàrá ni. Mo dábàá "onílé", bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bí a kò bá fi àmì sí i, ará Ìkòròdú yóò kà á sí onílẹ̀, ẹ̀rù yóò sì bà á.