Káńsù yín ńkọ́? Ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Aládùúgbò:
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ilé. Afárá kékeré àdúgbò wa já ní oṣù Kẹsàn-án tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ sí káńsù. Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n ní ẹnjiníà kò sí lórí ìjókòó. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí n kọ̀wé. Lọ́jọ́ kẹta, akọ̀wé kan fa ìwé mi yọ lábẹ́ àwo ẹ̀wà tó ń jẹ, ó ní, "Ọ̀gá, wọ́n ti rí i." Ta ni "wọ́n"? Kò dáhùn.

Àbúrò ìyàwó mi ń gbé ní káńsù kejì, kò jìnnà sí wa rárá. Wọ́n ń kó gọ́tà tiwọn, ibùdó ìlera wọn sì ní nọ́ọ̀sì lóru. Ìpínlẹ̀ kan náà ni, owó Àbújá kan náà. Kí ló wá fà á? Mi ò fẹ́ àlàyé orí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tí nǹkan ti da òun àti káńsù pọ̀ rí, kó sọ tiẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ má sì dárúkọ káńsù yín.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́:
Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, ẹ má wo àṣìṣe. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń ta èlùbọ́ ní ọjà wa, àràárọ̀ ni wọ́n sì ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún wa. Tẹ́lẹ̀, òṣìṣẹ́ káńsù ló ń já a, obìnrin kan tó máa ń wọ bàtà rọ́bà. A mọ ilé rẹ̀, a mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Bí ààtàn bá ga, òun là á bú, òun náà á sì lọ bú wọn ní ọ́fíìsì.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé tíkẹ́ẹ̀tì fún ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan. Iye kan báyìí ló ń kó fún káńsù lóṣù. Èyí tó bá lé, tiẹ̀ ni. Láti ọjọ́ yẹn, tíkẹ́ẹ̀tì kan di méjì, méjì di mẹ́ta. Àwọn ọmọkùnrin tó ń já a kì í lò ju oṣù méjì lọ tí wọ́n á fi pààrọ̀ wọn. Ta lo fẹ́ bú?

A fìmọ̀ ṣọ̀kan, a ò san. Wọ́n fi àgádágodo ti ìsọ̀ mẹ́rìnlá. Ìyálọ́jà kó wa lọ bá alága. Ẹnu alága yẹn dùn. Ó ní káńsù nílò owó tí kì í ṣe ti Àbújá. A ní kò burú, kí wọ́n kó ààtàn, kí wọ́n tún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà ṣe, kí rìsíìtì sì ní nọ́ńbà. Wọ́n kó ààtàn lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, wọ́n ní ọkọ̀ bàjẹ́. Ó ṣì bàjẹ́ títí di òní. Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ̀rọ̀ rẹ̀ nídìí oúnjẹ tí mò ń tà.

Baba Lẹ́jà:
Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìṣúná ìjọba ìbílẹ̀ kí n tó fẹ̀yìntì. Ọ̀rọ̀ tèmi máa gùn, ẹ fara dà á.

Ní 1976 ni àwọn ológun tún káńsù tò jákèjádò Nàìjíríà, tí wọ́n sọ ọ́ di ìpele ìjọba kẹta. Èmi wọlé ní 1986, láyé Babangida. Ní 1988, ó fagi lé ilé-iṣẹ́ tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi ń darí ìjọba ìbílẹ̀, owó wa sì wá ń bọ̀ tààrà láti òkè. Ìpín wa nínú àpò àpapọ̀ Nàìjíríà kúrò ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di 15 ní 1990, ó di 20 ní 1992. Nígbà yẹn, bí tírésúrà bá fọwọ́ sí ìwé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, katakata á ti wà lójú ọ̀nà kí Fúráìdè tó pé.

Ìwé òfin 1999, abala 162, ló wá ní kí owó gbogbo káńsù tó wà ní ìpínlẹ̀ kan máa wọ àkáǹtì kan ṣoṣo lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń pín in la ń pè ní JAAC. Lóṣooṣù, alága àti tírésúrà á gbéra lọ sí olú-ìlú. Mo bá wọn gbé fáìlì lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n á gbé ìwé kan síwájú yín. Iye tó wọlé fún yín wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀ ni ohun tí wọ́n ti yọ: owó oṣù tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì, ìpín àwọn ọba, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àti ohun kan tí wọ́n ń pè ní "iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe", tí a kì í mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ohun tó kù wà nísàlẹ̀. Ẹ fọwọ́ sí i, ẹ máa lọ. Mi ò ní kí tíṣà má gbowó o, ìyàwó mi gan-an tíṣà ni. Ṣùgbọ́n mo rí oṣù tí ohun tó kù kò tó ra epo sínú katakata.

Owó nìkan kọ́ ṣá. Alága mẹ́sàn-án ni mo bá ṣiṣẹ́: àwọn tí wọ́n dìbò yàn, àwọn fìdíhẹẹ́, àti ọ̀kan tí ológun gbé wá. Ẹ ó rò pé àwọn tí wọ́n dìbò yàn ló ṣe dáadáa jù. Rárá o. Ẹni tí ológun gbé wá ni, kì í sì í ṣe pé ó gbọ́n jù wọ́n lọ. Ẹnjiníà kan ló bá níbẹ̀ tó ti lo ọdún mẹ́jọ lọ́dọ̀ wa, tó mọ gbogbo odò tó ń gba abẹ́ ọ̀nà kọjá. Bí kọńtíráátọ̀ bá fi sìmẹ́ǹtì pamọ́, ọkùnrin yẹn á fi èékánná ha kọnkéré náà, á ní, "Àkàrà lèyí." Kò ní fọwọ́ sí i. Ọ̀gá wa ò bá kọńtíráátọ̀ kankan jẹ́un rí ní ìlú yẹn, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè oore, kò sì sí ohun tó fẹ́ fi bá ẹnjiníà jà.

Nígbà tí ìṣèlú padà dé, oṣù mẹ́fà péré ni ẹnjiníà wa lò. Wọ́n gbé e lọ sí ìkángun ìpínlẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìpele keje sókè, ìgbìmọ̀ kan ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ ló ń gbà wọ́n, òun náà ló ń gbé wọn káàkiri. Alága tó fẹ́ dá òṣìṣẹ́ gidi dúró kò lè dá a dúró. Èyí tó fẹ́ lé e, ìpè kan ṣoṣo ni.

Aládùúgbò, nígbà tí wọ́n ní ẹnjiníà kò sí lórí ìjókòó, ṣé ẹ béèrè bóyá ẹnjiníà tiẹ̀ wà?

Káńsẹ́lọ̀ Àná:
Baba Lẹ́jà, ẹ kú iṣẹ́ sà, ṣùgbọ́n ẹ má yin ológun jù fún wa. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí a fojú winá lọ́wọ́ wọn.

Mo ṣe káńsẹ́lọ̀ fún sáà kan. Lọ́jọ́ ìdìbò, èrò tó jáde ní ibùdó wa kò kún bọ́ọ̀sì dánfó. Mo wọlé. Gbogbo wa la wọlé. Ẹgbẹ́ tí gómìnà bá wà ni àjọ ìdìbò ìpínlẹ̀ sábà máa ń kéde, kò sí ìpínlẹ̀ tó mọ́ níbẹ̀. Ẹ wo ti Èkó ní oṣù Keje 2025: alága 57, ẹgbẹ́ kan kó gbogbo rẹ̀, káńsẹ́lọ̀ 376, ó kó 375.

Ní ìpàdé wa kejì, mo dìde, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí a rí ìwé ìṣúná. Olórí ilé wò mí, ó ní, "Ta ló fún ẹ ní tíkẹ́ẹ̀tì?" Mo jókòó. Mi ò bèèrè mọ́ títí sáà fi parí, mo jẹ́wọ́. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, tíkẹ́ẹ̀tì tiyín àti tèmi ò jọra, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà ló ń já a.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Onílé:
Ti Èkó tiwa tún ní ìkòkò tirẹ̀. Ní 2003, ìpínlẹ̀ dá káńsù 37 kún 20 tó wà nínú ìwé òfin. Ọbásanjọ́ gbẹ́sẹ̀ lé owó wọn. Ní 2004, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Ààrẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti di owó mú, ṣùgbọ́n káńsù tuntun wọ̀nyí kò tíì pé níwájú òfin àfi tí àwọn aṣòfin Àbújá bá parí tiwọn. Wọn kò parí rẹ̀. Owó ogún káńsù ni mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ń pín jẹ.

Àárín méjì nínú wọn ni òpópónà wa wà, ọwọ́ ọ̀tún jẹ́ ti ọ̀kan, ọwọ́ òsì jẹ́ ti èkejì. Bó bá di ọ̀rọ̀ owó pátákó ṣọ́ọ̀bù, àwọn méjèèjì ló ń wá. Bí gọ́tà bá dí, ti ẹnìkejì ni. Owó orí ilé tí à bá máa san fún wọn ńkọ́? Láti 2001 ló ti wọnú Land Use Charge, ìpínlẹ̀ ló ń fi bíìlì rẹ̀ ránṣẹ́. Alága káńsù kò mọ̀ bóyá mo san tàbí mi ò san. Kí ló fẹ́ torí rẹ̀ gbé ìpè mi?

A dáwó, a wa gọ́tà náà fúnra wa. Ọ̀sẹ̀ tí a parí rẹ̀, àwọn káńsù méjèèjì gbé pátákó wá, fọ́tò alága gàdàgbà lórí rẹ̀. Wọ́n ṣì dojú kọ ara wọn títí dòní.

Ará Òkè Òkun:
Mo rẹ́rìn-ín títí dé orí pátákó yẹn. Níbi tí mò ń gbé ní England, lẹ́tà owó orí ilé máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ iye tó lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, panápaná àti ìtọ́jú àgbà. Òfin sì ní kí káńsù tẹ gbogbo ìnáwó tó bá ju £500 lọ jáde fún aráyé. Mo ti jókòó lóru rí, mò ń ka iye tí wọ́n fi ra bébà.

Síbẹ̀, ẹ má rò pé ọ̀run ni. Káńsù Birmingham, tó tóbi bó ṣe tóbi yẹn, kéde ní oṣù Kẹsàn-án 2023 pé owó ọwọ́ òun kò ní gbé ìnáwó òun. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn kò fi sanwó fún àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń san fún ọkùnrin, gbèsè náà wá ga. Ètò kọ̀ǹpútà tuntun tún jẹ owó gọbọi. Ìjọba rán kọmíṣọ́nnà wá jókòó tì wọ́n. Ọdún kejì, owó orí ilé wọn lé ní nǹkan bí ìdá 10.

Ní tiwa, ilé ìkàwé tí àwọn ọmọ mi ń lò ni wọ́n fẹ́ tì. Wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́ta níwájú wọn, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Wọ́n tẹ́tí sí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n sì tì í. Ṣùgbọ́n káńsẹ́lọ̀ wa tó dìbò fún un kò padà wọlé nígbà ìdìbò.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbóríyìn fún káńsù nítorí nọ́ọ̀sì òru. Èmi náà wà ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú ló fún mi ní yàrá méjì àti kànga lẹ́yìn ilé, ni mo ṣe dúró. Owó oṣù mi ń pẹ́ bíi ti gbogbo èèyàn.

Káńsẹ́lọ̀ Àná:
Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 11 oṣù Keje 2024 ńkọ́, Baba? Èyí tó ní kí owó káńsù máa lọ sọ́wọ́ káńsù tààrà, tó sì ní alága fìdíhẹẹ́ kò bófin mu?

Baba Lẹ́jà:
A jó lọ́jọ́ yẹn, àwa àgbààgbà. Mo pe ọmọ tó jókòó sórí àga mi lóṣù tó kọjá. Ó ní òun wà lọ́nà olú-ìlú, wọ́n ń lọ sí JAAC.

Aládùúgbò:
Mo padà lọ lónìí. Mi ò béèrè afárá mọ́. Ẹnjiníà ni mo béèrè, bí Baba ṣe wí. Akọ̀wé ẹlẹ́wà rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹnjiníà kan ṣoṣo ni káńsù mẹ́ta jọ ń lò, Tọ́sídè ni tiwa. Mo ní kó fi ohun tí wọ́n kọ sára ìwé mi hàn mí. Bírò pupa ni: "KIV".

Baba Lẹ́jà:
KIV, "keep in view", ni pé kí wọ́n máa fojú sí i.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́:
Ẹ ní kí wọ́n wá fojú sí i nígbà òjò.