Báwo ni àwa ará àdúgbò ṣe lè wọn èéfín ilé-iṣẹ́ tó wà nítòsí wa?

Ará Ọ̀tà:
Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo kí yín o. Àdúgbò wa ní Ọ̀tà kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń yọ́ irin àlòkù. Bí ẹ bá kọjá lọ́sàn-án, ẹ kò ní rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí ó bá ti di nǹkan bí aago kan òru, èéfín á bẹ̀rẹ̀ sí í rú, òórùn irin jíjó á sì gba inú yàrá kan. Bí ìyàwó mi bá fi ìka nu orí tábìlì láàárọ̀, ìka náà á dú bí ìdí ìkòkò. Ẹgbẹ́ onílé ti kọ ìwé ẹ̀sùn lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀sán ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá, wọ́n gbójú sókè, wọn kò rí èéfín, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ṣé àwa fúnra wa lè wọn ohun tí a ń mí símú, lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò fi ní sọ pé àhesọ ni? Owó wa kò pọ̀, n kò sì fẹ́ kí a fi ra ohun tí kò ní wúlò.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Houston:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìfaradà. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará àdúgbò ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà. Ní 1995, agbẹjọ́rò Edward Masry, tí ó ń gba ẹjọ́ àwọn ará Rodeo ní California rò lórí kẹ́míkà tí ó tú jáde láti ilé ìfọpo kan, ní kí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe ohun èlò tí kò wọ́n: garawa oníke tí àpò wà nínú rẹ̀, tí a fi ń gba afẹ́fẹ́, kí a tó fi àpò náà ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Garawa yìí ni àwọn ará àdúgbò Diamond ní Norco, ìpínlẹ̀ Louisiana, lò pẹ̀lú olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìntì, Margie Richard, títí tí ilé-iṣẹ́ Shell fi gbà ní 2002 láti san owó kí wọ́n lè kó kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín: gáàsì ni garawa ń mú, eruku irin sì ni tiyín. Ohun tí wọ́n ṣe ní Pittsburgh, ìlú tí wọ́n ti ń rọ irin láti ayé àtijọ́, bá ọ̀rọ̀ yín mu jù. Láti 2016 ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń fi fóònù sọ bí òórùn ṣe le tó, láti 1 dé 5, pẹ̀lú àkókò àti ibi tí wọ́n wà.

Òṣìṣẹ́ Ìlera Àyíká, Ìbàdàn:
Ẹ̀rọ kéékèèké kan wà tí wọ́n ń tà fún wíwọn afẹ́fẹ́, ó ń fi iná lésà ka eruku wínníwínní tí wọ́n ń pè ní PM2.5, èyí tí ó lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jinlẹ̀. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìwọ̀n rẹ̀ kò yẹ kó kọjá máíkírógíráàmù 15 láàárín wákàtí 24, nínú afẹ́fẹ́ tí ó gùn ní mítà kan, tí ó fẹ̀ ní mítà kan, tí ó sì ga ní mítà kan. Ẹ ra méjì, kí ẹ so wọ́n mọ́ ibì kan náà fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ rí i bóyá ohùn wọn ṣọ̀kan, kí ẹ tó pín wọn. Ẹ má ṣe gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹni tí ń dín àkàrà. Bí kùrukùru bá bo ilẹ̀ láàárọ̀, omi ni ẹ̀rọ náà yóò máa kà bí eruku. Bí ọyẹ́ bá dé, gbogbo Ọ̀tà ni iye náà yóò ti ga, ìdí nìyẹn tí ẹnìkan fi gbọ́dọ̀ so ọ̀kan sí ibi tí afẹ́fẹ́ kò tíì dé ilé-iṣẹ́ náà.

Ó ku kan: ẹ̀rọ yìí kò mọ òjé yàtọ̀ sí iyanrìn. Bí ẹ bá ń fura sí òjé, ilẹ̀ àgbàlá àti ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Ohun tí ojú rí ní Zamfara ní 2010, tí ọmọ tó ju 400 kú nítorí òjé inú eruku tí wọ́n ń lọ̀ láti wá wúrà, kò gbọdọ̀ kúrò lọ́kàn wa.

Ọ̀dọ́ Àdúgbò:
Ẹ má bínú o, àbúrò mi ń ṣiṣẹ́ ní irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá tì í, ta ni yóò bọ́ wa?

Màmá Olùkọ́:
Ọmọ mi, kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n tì í. Àbúrò rẹ gan-an ló ń mí i símú jù wá lọ, nítorí náà bá wa bẹ̀ ẹ́ kó máa sọ aago tí wọ́n ń dá iná. Ará Ọ̀tà, kí ẹ tó ra ẹ̀rọ, ẹ fún ilé mẹ́wàá ní ìwé kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n máa kọ aago, òórùn, ibi tí ọ̀rá tí a so mọ́ orí igi ń fẹ́ sí, àti ẹni tí ó wúkọ́. Kí wọ́n kọ òru tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ìwé tí ó kún fún ẹ̀sùn nìkan, ẹni tó bá kà á á rò pé ọ̀tá ló kọ ọ́. Nígbà tí ẹ bá ní oṣù méjì lọ́wọ́, ẹ kó o lọ bá OGEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àti NESREA, irú àjọ bẹ́ẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n wá ní aago kan òru.

Ará Ọ̀tà:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ra ìwé méjìlá. Ìhà àríwá ìlà-oòrùn ilé-iṣẹ́ náà ni a wà, afẹ́fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló sì ń fẹ́ ní ọ̀pọ̀ oṣù inú ọdún, ó yé mi báyìí ìdí tí ó fi jẹ́ àwa ló ń kàn. Ilé baálẹ̀ tó wà lódìkejì ni a óò so ẹ̀rọ kejì mọ́, bí baálẹ̀ bá gbà láti gbé jẹnẹrétọ̀ wọn kúrò lábẹ́ fèrèsé.