Apá funfun Arsenal: ṣé kó dúró bẹ́ẹ̀ ni, àbí kí wọ́n máa fi dá àrà?

Aláàpá Funfun

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Tí àwòrán jẹ́sì tuntun bá ti ń jáde, ìjà kan náà la máa ń jà: ṣé kí Arsenal máa wọ ara pupa pẹ̀lú apá funfun lọ bẹ́ẹ̀, àbí kí àwọn tó ń ya jẹ́sì máa fi dá àrà tó bá wù wọ́n? Ẹni tó bá mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kó sọ ọ́ síbí, yálà rírán ni, títẹ nọ́ńbà ni, òfin orí pápá ni, tàbí ìtàn ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn bẹ̀rẹ̀.

Pupa ló dàgbà jù. Ní 1886 tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ohun ìjà ní Woolwich dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, Nottingham Forest ló fi jẹ́sì pupa ta wọ́n lọ́rẹ, torí àwọn kan nínú wọn ti gbá bọ́ọ̀lù fún Forest rí. Ara pupa, apá pupa ni. Herbert Chapman, olùkọ́ni wọn nígbà náà, ló mú funfun wọ apá ní 1933. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún náà ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ jáde, Liverpool ni wọ́n bá gbá lọ́jọ́ náà. Ohun tí Chapman ń wá ni kí ẹgbẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ lójú láàárín àwọn tó ń wọ pupa lásán. Òun kan náà ló ti fi nọ́ńbà sẹ́yìn jẹ́sì wọn ní 1928, kí èrò lè mọ ẹni tó gba bọ́ọ̀lù.

Wọ́n ti yà kúrò nínú rẹ̀ rí. Láti 1965 sí 1967, apá pupa ni wọ́n wọ̀, funfun sì padà dé ní 1967. Ní 2005 sí 2006, ọdún tí wọ́n lò gbẹ̀yìn ní Highbury, wọ́n wọ pupa tó ṣú bí àwọ̀ wáìnì, lẹ́tà wúrà lára rẹ̀, láti fi rántí 1913 tí wọ́n kó dé pápá náà. Ní 2008 sí 2010, Nike sọ apá di pupa, wọ́n wá fa ilà funfun kan ṣoṣo gba àárín rẹ̀ kọjá. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mi ò lè gbà. Ti Highbury ní ìdí, gbogbo ayé ló mọ ọdún tó bẹ̀rẹ̀ àti ọdún tó máa parí. Ti 2008 kò ní ìdí kankan lórí pápá.

Ohun tí mo gbà nìyí: kí ara pupa àti apá funfun dúró, kí wọ́n máa fi ọrùn, etí apá, ẹ̀gbẹ́ àti bátánì inú aṣọ ṣe ohun tó bá wù wọ́n. Ní 2023 wọ́n fi wúrà sí i láti ṣe ìrántí ogún ọdún tí wọ́n gbá eré líìgì 38 láìpàdánù ẹyọ kan. Ní 2024 wọ́n yọ àmì ẹgbẹ́, ìbọn àgbá nìkan ló dúró ní àyà. Àyípadà ńlá ni méjèèjì, àmọ́ bó o bá dúró lókè pátápátá nínú pápá, o ṣì mọ̀ pé Arsenal ló ń bọ̀.

Télọ̀ Jẹ́sì

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n gbà á lápá ibi tí abẹ́rẹ́ ti ń wọ aṣọ, nítorí ọ̀pọ̀ ohun táwọn èèyàn ń pè ní "àrà tuntun" jẹ́ ohun tí ẹ̀rọ mú rọrùn.

Ọ̀nà méjì la fi ń ṣe jẹ́sì bẹ́ẹ̀. Èkíní, ẹ ra pọ́lísítà pupa lọ́tọ̀, funfun lọ́tọ̀, kí ẹ gé e, kí ẹ rán an pọ̀. Èkejì, funfun ni gbogbo aṣọ, ẹ ó tẹ àwòrán sórí bébà, ẹ ó sì fi ẹ̀rọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ ní nǹkan bíi 200°C fún ìṣẹ́jú-àáyá 45 sí 60. Ọ̀nà kejì yìí gbẹ̀fẹ́ fún ilà, igun, òdòdó, ohun gbogbo; kò sí ohun tí bébà kò lè gbà. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń yà á fi ń fẹ́ da gbogbo rẹ̀ rú. Ṣùgbọ́n àwọ̀ náà kì í wọ inú okùn aṣọ tán. Tí aṣọ bá nà ní èjìká tàbí ní ojú rírán, funfun abẹ́ á yọ jáde. Ooru tí kò tó á sọ pupa di àwọ̀ bíríkì. Ooru tó pọ̀ jù á sọ pupa di bíi búráùn, apá tó yẹ kó funfun á sì máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rán ti ẹgbẹ́ àdúgbò ní ọ̀nà kìíní, èèyàn 16 láìka gólì: ẹ ra pupa yáàdì 15 àti funfun yáàdì 5, aṣọ tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 150. Iwájú àti ẹ̀yìn á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú ìbú yẹn, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 80 ni gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan gba pẹ̀lú ibi rírán. Apá kúkúrú mẹ́ta á gba ìbú kan. Èyí tó ṣẹ́kù nínú funfun ni ẹ ó fi ṣe ọrùn. Abẹ́rẹ́ olórí róbótó, nọ́ńbà 11, ni kẹ́ ẹ lò. Olórí ṣóńṣó á gé okùn pọ́lísítà, ihò wẹ́wẹ́ á wá máa yọ lẹ́yìn fífọ̀ bíi mélòó kan.

Ibi tí wọ́n ti máa ń bà á jẹ́ ni ihò apá. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rán pupa mọ́ funfun, tí ẹ sì ti fi ẹ̀rọ wíífìn dì í létí, ẹ yí etí náà sí ọ̀dọ̀ ara pupa, kí ẹ sì fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná jù tẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá yí i sí ọ̀dọ̀ apá, pupa abẹ́ á hàn gba inú funfun, apá á ní òjìji roboto bí ẹni tó fi ara kan kíkùn. Ọ̀pọ̀ jẹ́sì ọjà ni ẹ ó rí pẹ̀lú àbùkù yìí.

Ohun mìíràn ni bí wọ́n ṣe gé apá. Ti Chapman jókòó sí orí èjìká bíi ti ṣẹ́ẹ̀tì. Tí wọ́n bá gé e láti ìsàlẹ̀ abíyá gòkè dé ọrùn, funfun á gba gbogbo èjìká, pupa á sì kéré sí i. Kò sí ẹni tó yọ apá funfun níbẹ̀, síbẹ̀ jẹ́sì ti yí padà. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé "nǹkan kan kò bára mu" láì mọ̀ pé gígé ni.

Adájọ́ Ẹ̀gbẹ́ Ìlà

Ẹ fi kún un pé apá ní iṣẹ́ nínú òfin. Òfin Kẹrin ìdíje bọ́ọ̀lù ní kí àwọ̀ ẹgbẹ́ méjèèjì yàtọ̀ síra, kó sì yàtọ̀ sí ti àwọn adájọ́. Ó tún ní kí aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí agbábọ́ọ̀lù bá wọ̀ jẹ́ àwọ̀ kan náà pẹ̀lú èyí tó pọ̀ jù ní apá jẹ́sì, tàbí kó dà bí apá náà gẹ́lẹ́. Nítorí náà, lásìkò òtútù, àwọ̀tẹ́lẹ̀ funfun ni àwọn ọmọ Arsenal ń wọ̀, kì í ṣe pupa. Lọ́dún tí apá bá di pupa, àwọ̀tẹ́lẹ̀ gbogbo ilé ló máa yí padà, ti àgbà àti ti ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù.

Apá tún lè dá ìkọlù àwọ̀ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń wọ funfun láti òkè délẹ̀ lè bá Arsenal gbá láìsí wàhálà púpọ̀ torí ara pupa gba ojú. Àmọ́ níbi tí apá bá ti ń wọnú ara wọn, ní ibi tí wọ́n ti ń fa aṣọ ara wọn, olùrànlọ́wọ́ adájọ́ tó ń wo ọ́fúsáìdì ń wo èjìká, ẹsẹ̀ àti orí. Apá kò wọnú ìṣirò náà. Ó ṣe pàtàkì kí ààlà èjìká àti apá hàn. Ní ti ìrísí, apá tó ní àwọ̀ tirẹ̀ ń ran ojú lọ́wọ́ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò fi ibi rírán ṣe ààlà. Ìsàlẹ̀ abíyá ni ààlà.

Nọ́ńbà náà ńkọ́? Èyí ni jẹ́sì onílà fi ń jìyà. Nínú ìdíje UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù Yúróòpù, jẹ́sì tó bá ní ilà tàbí àpótí-àpótí gbọ́dọ̀ ní ojú kan tó mọ́ lẹ́yìn, níbi tí nọ́ńbà máa jókòó sí. Ara pupa gbalaja kò ní ìṣòro yẹn.

Ọmọ Tuntun-Ló-Dára

Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Ẹ̀gbọ́n Aláàpá Funfun fúnra wọn sọ ọ́: ẹgbẹ́ náà ti pé ọdún 47 kí apá tó funfun. Ká ní àwọn èèyàn 1933 rọ̀ mọ́ àṣà bíi tiyín, apá funfun ì bá má sí. Liverpool ń wọ ṣòkòtò funfun títí olùkọ́ni wọn, Bill Shankly, fi ní kí wọ́n wọ pupa látòkè délẹ̀ nígbà tí wọ́n pàdé Anderlecht ní oṣù kọkànlá ọdún 1964. Lónìí, ta ló fẹ́ dá ṣòkòtò funfun padà fún wọn? Juventus fi àwọ̀ pínńkì bẹ̀rẹ̀. Ní 1903 ni jẹ́sì dúdú-funfun onílà dé láti ọwọ́ Notts County. Gbogbo àṣà ló jẹ́ tuntun rí.

Owó náà kò ṣeé fojú fò. Jẹ́sì tí kò yàtọ̀ sí ti èṣí, ta ló máa rà á? Jẹ́sì Nàìjíríà ti 2018 kò jọ èyí tó ṣáájú rẹ̀ rárá, ojú ẹsẹ̀ ló tán ní ọjà, ìlà èèyàn sì gùn níwájú ṣọ́ọ̀bù Nike ní Oxford Street ní Lọ́ńdọ̀nù.

Aláàpá Funfun

Àbúrò, o sọ òótọ́ lórí Shankly, àmọ́ wo ìdí tó fi ṣe é. Olùkọ́ni ló yí i, ó fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ rí gàgàrà lójú ọ̀tá. Chapman náà, olùkọ́ni ni. Ìdí wọn wà lórí koríko. Ti Juventus tó o mú wá, wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2019: wọ́n yọ ilà, wọ́n pín jẹ́sì sí méjì, dúdú lápá kan, funfun lápá kejì, ilà pínńkì tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín. Wọ́n gba ife líìgì nínú rẹ̀, síbẹ̀ ilà padà dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Barcelona fa ilà sí ìbú ní 2015, wọ́n fi àpótí-àpótí ṣe é ní 2019, wọ́n sì padà sí ilà òòró.

Ti Nàìjíríà 2018 ń gbè mí lẹ́yìn. Bátánì 1994 ni wọ́n padà lọ gbé, àwọ̀ ewé àti funfun sì ni. Àṣà ni wọ́n tà.

Ẹ̀rí tó lágbára jù ni Cardiff City. Láti 1908 ni wọ́n ti ń wọ búlúù, "Ẹyẹ Búlúù" ni ìnagijẹ wọn. Ní 2012, Vincent Tan tó ni ẹgbẹ́ náà sọ wọ́n di pupa. Wọ́n wọ Premier League ní 2013 nínú pupa yẹn! Àṣeyọrí kò pa ìbínú àwọn èrò. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, búlúù padà.

Ọmọ Tuntun-Ló-Dára

Àwọ̀ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Kò sẹ́ni tó ní kí Arsenal wọ búlúù.

Agbẹjọ́rò Èrò Ìwòran

Ibẹ̀ gan-an ni òfin ti dákẹ́, ó sì yẹ kí gbogbo yín mọ̀ ọ́n. Láti 2022, àjọ FA ní England ti ní kí ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ yí àmì tàbí àwọ̀ jẹ́sì ilé padà bá àwọn alátìlẹyìn rẹ̀ jíròrò, kó sì fi hàn pé ọ̀pọ̀ wọn fara mọ́ ọn. Òfin ìjọba lórí ìṣàkóso bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 2025 tún fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ẹ kíyè sí i: àwọ̀ tó gbilẹ̀ jù lórí jẹ́sì ni wọ́n ń dáàbò bò. Bí Nike ti 2008 bá tún wáyé lónìí, ara pupa, apá pupa, ilà funfun, pupa ló ṣì gbilẹ̀. Kò dájú pé ẹnikẹ́ni máa rí òfin fi dá a dúró. Ẹni tó bá fẹ́ dáàbò bo apá, ìgbìmọ̀ alátìlẹyìn inú ẹgbẹ́ ni kó lọ bá, kó sì lọ kí wọ́n tó fọwọ́ sí àwòrán. Iṣẹ́ lórí jẹ́sì kan máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú kó tó jáde. Nígbà tí ẹ bá rí fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù, aṣọ ti wà nínú páálí.

Atẹ̀-Nọ́ńbà

Èmi fẹ́ kí apá dúró, ṣùgbọ́n kí n sọ ti àwọn tó ń rà á, torí pupa àti funfun lórí aṣọ kan ní wàhálà tirẹ̀.

Pupa pọ́lísítà máa ń tú àwọ̀ jáde tí ooru bá le. Tí ẹ bá tẹ orúkọ funfun mọ́ ọn ní ooru tó ga, á mọ́ rekete lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó tó pẹ́ á di pínńkì. Ẹ béèrè fún ike ìtẹ̀wé tó ní abẹ́ tó ń dí àwọ̀, kí ooru má kọjá 130 sí 140°C, ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 15 ti tó. Kí ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó ṣí i, àyàfi tí ẹni tó ṣe ike náà bá sọ nǹkan mìíràn.

Fífọ̀: omi tútù tàbí 30°C, ẹ yí inú rẹ̀ síta, ẹ má rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ má fi bílíìsì sí i nítorí apá funfun; funfun pọ́lísítà á kúkú pọ́n ni. Ohun tó ń sọ apá di pínńkì jù ni ká ká jẹ́sì tútù sínú báàgì lẹ́yìn eré, kí pupa àyà sì máa fara kan funfun apá di ọjọ́ kejì. Ẹ tẹ́ ẹ síbi afẹ́fẹ́, kó má sí lójú oòrùn. Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù kan nọ́ńbà.

Ọ̀rọ̀ àbúrò wa tó fẹ́ tuntun, ibì kan wà tí a lè gbé e sí: jẹ́sì ìta, èyí tí wọ́n ń wọ̀ tí wọn ò bá gbá ní pápá tiwọn. Yẹ́lò ni Arsenal wọ̀ ní Anfield ní 1989 tí wọ́n gba líìgì ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, yẹ́lò ni wọ́n wọ̀ nígbà tí wọ́n gba ife FA ní 1971 àti 1979. Èyí tí àwọn èèyàn pè ní "ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó dápàá" láti 1991 sí 1993, ẹ̀gàn ló bá pàdé nígbà yẹn. Ní 2019 Adidas tún fi bátánì rẹ̀ ṣe jẹ́sì ìta, àwọn èèyàn sì ń du ú. Níbẹ̀ ni kí wọ́n ti dánrawò, kí wọ́n fi jẹ́sì ilé sílẹ̀.

Ọmọ Tuntun-Ló-Dára

Mo gba ti jẹ́sì ìta. Ti ilé, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa dán an wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, fún ọdún kan péré, bíi ti Highbury, tí ìdí bá wà.

Télọ̀ Jẹ́sì

Tí ìdí bá wà, àti tí wọ́n bá kọ ọdún tó máa parí síwájú kí wọ́n tó gé aṣọ, èmi náà gbà. Tí ti ọdún tó ń bọ̀ bá jáde, ẹ kọ́kọ́ wo ihò apá, ẹ wo bóyá funfun gun èjìká, kẹ́ ẹ wá wo etí rírán nínú bóyá ọ̀dọ̀ pupa ló kọjú sí. Fọ́tò kì í fi ìyẹn hàn. Ẹ yí inú ẹ̀ síta nínú ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ tó sanwó.