Ṣé kòrónà ló já obìnrin Liverpool bọ́ sí ìpele kejì lóòótọ́? Kí ni wọ́n ṣe ní 2021/22?

Ọmọ_Kop:

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ló ń dà mí láàmú láti ìjẹta. Láti kékeré ni mo ti ń ṣe Liverpool, àmọ́ tọkùnrin nìkan ni mo mọ̀ dáadáa. Àbúrò mi obìnrin ló fà mí wọ tobìnrin, òun náà ń gbá bọ́ọ̀lù, iwájú ló ń gbá, fídíò Leanne Kiernan tó gbá iwájú fún wọn ló sì máa ń wò kó tó sùn. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ẹgbẹ́ yìí lo sísìnì méjì gbáko ní ìpele kejì ní England, ó yà mí lẹ́nu, mi ò mọ̀ rárá.

Bí mo ṣe sọ ọ́ nílé ni ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ní kò sóhun tó ṣe wọ́n, kòrónà ló já wọn bọ́, pé ká ní wọ́n gbá sísìnì yẹn tán ni, wọn ò ní kúrò. Ṣé òótọ́ ni? Àti pé tó bá jẹ́ pé wọ́n dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn ò padà lọ́dún àkọ́kọ́? Ẹ ṣàlàyé fún mi dáadáa, ẹ má fò ó, àbúrò mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí ó ń kà á pẹ̀lú mi.

Bàbá_Rẹ́ẹ̀dì:

Ọmọ Kop, ìbéèrè gidi lo bi. Láti ìgbà tí wọ́n ti gba líìgì 2013 tí wọ́n tún gba ti 2014 lé e, ìyẹn ìgbà àkọ́kọ́ tí Matt Beard ṣe kóòṣì wọn, ni mo ti ń tẹ̀lé àwọn ọmọbìnrin yìí, torí náà ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọnú eegun.

Bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé kòrónà kọ́. Nígbà tí wọ́n dá bọ́ọ̀lù dúró ní 2020, Liverpool ti gbá géèmù 14, ẹyọ 1 péré ni wọ́n borí, wọ́n gbá ọ̀mì 3, wọ́n na wọ́n ní 10. Góòlù 8 ni gbogbo ẹgbẹ́ náà jẹ nínú géèmù 14, àní 8! Pọ́ìntì 6 ni wọ́n ní, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n wà. Birmingham tó wà lókè wọn ní 7, wọ́n sì tún ní géèmù kan nílẹ̀ ju Liverpool lọ. FA, àjọ bọ́ọ̀lù England, wá ní kí wọ́n pín pọ́ìntì ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sí iye géèmù tó gbá, ìṣirò yẹn náà ló gbé ife fún Chelsea tí Man City tó wà lókè tébù sì pàdánù rẹ̀. Mo gbà pé géèmù 8 ṣì kù fún Liverpool, èèyàn lè sọ pé bóyá wọn ì bá gbéra. Àmọ́ ẹgbẹ́ tó borí ẹ̀ẹ̀kan láti September títí di March, kí la fẹ́ fi gbé e gbéra?

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ jìn ju ibẹ̀ lọ. Ọdún 2018 ni kí ẹ wò. Ní sáà kan ṣoṣo yẹn, Caroline Weir àti Gemma Bonner lọ Man City, Man United tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹgbẹ́ obìnrin sílẹ̀ kó Alex Greenwood, Siobhan Chamberlain, Martha Harris àti Amy Turner, lójú wa báyìí ni ilé tú. Wọ́n mú Neil Redfearn wá ṣe kóòṣì, Arsenal fi góòlù 5 na wọ́n ní géèmù líìgì àkọ́kọ́, wọn ò jẹ ọ̀kan, ọkùnrin náà sì lọ lẹ́yìn géèmù yẹn. Vicky Jepson ló gbà á, mi ò lè dá a lẹ́bi, ohun tí wọ́n fún un kò tó ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ti November 2019. Wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin gbá géèmù Everton ní Anfield, èrò tó ju 23,000 ló wá, inú mi dùn bí ẹni pé ọmọ mi ló ń ṣe ìyàwó. Lucy Graham gbá bọ́ọ̀lù kan láti ọ̀nà jíjìn, kì í ṣe bọ́ọ̀lù tó le, ó kan gólíkípà wa lọ́wọ́, ó yọ́ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ń yí lọ díẹ̀ díẹ̀ wọnú àwọ̀n. 1-0. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe parí. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn wọ́n padà sí Prenton Park, pápá Tranmere tí wọ́n ń háyà, tí ẹrẹ̀ rẹ̀ máa ń pọ̀ nígbà òtútù débi tí wọ́n ń sún géèmù síwájú.

Oṣù June 2020 kan náà ni, ẹ gbọ́ o. Lọ́jọ́ 5 wọ́n kéde pé obìnrin Liverpool ti já sí ìpele kejì, nígbà tó fi di ọjọ́ 25 ọkùnrin Liverpool di champion England lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún. Èmi jó, mi ò purọ́, mo jó. Àmọ́ nígbà tí mo jókòó, ojú ń tì mí, torí ẹgbẹ́ kan náà ni, báàjì kan náà ló wà láyà àwọn méjèèjì.

Àdùkẹ́_Merseyside:

Ẹ̀gbọ́n Bàbá Rẹ́ẹ̀dì, ẹ ṣeun, ẹ ti dáhùn apá kìíní, ẹ jẹ́ kí n mú apá kejì, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í yé.

Ọmọ Kop, ìdí tí wọn ò fi padà lọ́dún àkọ́kọ́ ni pé Championship ìgbà yẹn, ìyẹn ìpele kejì tobìnrin, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní. Ẹgbẹ́ kan péré ló ń gòkè lọ́dún. Kò sí ti ẹni kejì, kò sí play-off, kò sí nǹkan kan. Tọkùnrin ní ìpele kejì, mẹ́ta ló ń gòkè, ẹni tó bá ṣe ìkẹta ṣì ní ìrètí. Níbí, tó o bá ṣe ìkejì, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ní 2019/20 Aston Villa ló gbà á, 2020/21 Leicester. Liverpool ṣe ìkẹta lọ́dún Leicester yẹn, Durham ló ṣe ìkejì, Durham tí kò ní ẹgbẹ́ ọkùnrin kankan lẹ́yìn tó ń fún un lówó. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń wo ìpele yìí bí ibi eré ọmọdé rántí ìyẹn. Àwọn ọmọbìnrin kan nínú ìpele yẹn ń ti ibi iṣẹ́ wá sí training lálẹ́, wọ́n sì na àwọn tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù nìkan ni iṣẹ́ wọn.

Àsìkò 2020/21 yẹn, kò sí èrò nínú pápá, Jepson lọ ní January, Amber Whiteley dì í mú títí sísìnì fi parí. Ìgbà tí Beard padà dé ní 2021 ni mo mí kanlẹ̀.

Mo wà ní Prenton Park fún géèmù àkọ́kọ́ sísìnì 2021/22, London City Lionesses ni wọ́n gbá. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin gba abẹ́ odò Mersey kọjá sí Birkenhead, mo fẹsẹ̀ rìn dé pápá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi, a gbé sìkáàfù dání, gbogbo wa ń sọ pé ọdún yìí ni. London City na wọ́n 1-0. Ọmọdébìnrin kan wà níwájú mi tó kọ orúkọ Missy Bo Kearns sẹ́yìn jẹ́sì rẹ̀, nígbà tí rẹfirí fọn fèrè ó kàn jókòó, kò sunkún, ó di ìṣẹ́tí jẹ́sì yẹn mú, bàbá rẹ̀ ń pè é kí wọ́n máa lọ, kò dìde. Mo rò ó nínú ọkàn mi pé a tún ti bẹ̀rẹ̀, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo yẹn tún ti ń tì.

Àmọ́ látọjọ́ yẹn títí tí wọ́n fi gba ife, kò sẹ́ni tó tún na wọ́n ní líìgì. Ẹ rò ó wò. London City tó nà wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló wá ṣe ìkejì lẹ́yìn wọn.

Ọmọ_Kop:

Hàà. Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ka ti Bàbá Rẹ́ẹ̀dì sétí ẹ̀gbọ́n mi, ó dákẹ́, ó ní òun máa yẹ tébù wò fúnra òun.

Àdùkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, kí wá ni Beard yí padà gan-an? Ṣé ó kó àwọn èèyàn ńlá wá ni? Àti pé Rinsola Babajide ńkọ́, ṣebí ọmọ tiwa ni, mo rí i pé ó gbá fún wọn, kí ló dé tí kò sí níbẹ̀ lọ́dún tí wọ́n gòkè?

Ìyá_Táyé:

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti Rinsola, torí mo fẹ́ràn ọmọ yẹn. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n já bọ́, ó sì tẹ̀ lé wọn dé Championship. January 2021 ló kọ̀wé pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ, wọn ò gbà nígbà yẹn, nígbà tó yá ló lọ gbá fún Brighton ní lóònù. Àwọn kan bú u nígbà náà, èmi ò bú u, ọmọ tó ń wá ibi tó ti máa gbá bọ́ọ̀lù ní ìpele tó tọ́ sí i ni. Lẹ́yìn náà ló wá ń gbá fún Super Falcons, ó wà nínú àwọn tó gba WAFCON, ife Áfíríkà tobìnrin, ní Rabat ní July 2025, ọjọ́ tí Morocco kọ́kọ́ jẹ góòlù 2 tí àwọn ọmọ wa padà wá fi 3-2 gbà á. Nígbà tí mo rí i tó gbé mẹ́dáàlì, omi bọ́ lójú mi.

Ẹ má gbàgbé Ashleigh Plumptre náà o, ọdún tí Leicester gba ẹnu ọ̀nà yẹn mọ́ Liverpool lọ́wọ́, ẹ̀yìn Leicester ló ń gbá, ìlú Leicester náà ni wọ́n bí i sí. Kò tíì yan Nàìjíríà nígbà yẹn, 2022 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbá fún wa. Nítorí náà ẹni tó bá ní kò sóhun tó kan wa nínú Championship, kó tún rò ó.

Bàbá_Rẹ́ẹ̀dì:

Ọmọ Kop, Beard kò kó àwọn ìràwọ̀ wá. Ó kó àwọn tó mọ̀ wá. Kiernan tí àbúrò rẹ fẹ́ràn yẹn, wọ́n ti jọ ṣe West Ham tẹ́lẹ̀. Beard fúnra rẹ̀ ti lo oṣù díẹ̀ ní Bristol City ṣáájú kó tó dé, Bristol City já bọ́ láti WSL, ìpele kìíní tobìnrin, lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì mú Jasmine Matthews àti Yana Daniels dání láti ibẹ̀. Niamh Fahey ni kápútẹ́ènì, Rachael Laws wà láàárín òpó, Kearns tó ti wà ní Liverpool láti ọmọ ọdún mẹ́jọ ń sáré láàárín pápá bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀. Kiernan jẹ góòlù 13 ní líìgì. Nígbà tó di January wọ́n mú Katie Stengel wá láti Norway, Megan Campbell náà dé.

Campbell yìí, ẹ wá fídíò rẹ̀ wò. Tí bọ́ọ̀lù bá jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo dìfẹ́ǹdà á ti máa sáré padà sí àyíká góòlù wọn, torí ọwọ́ ló fi ń jù ú, ọwọ́ lásán, ó sì máa ń balẹ̀ síwájú góòlù bí ẹni fẹsẹ̀ gbá kọ́nà. Ó máa fi táwẹ́ẹ̀lì nu bọ́ọ̀lù, á rìn sẹ́yìn, ìgbà yẹn ni àyà àwọn tọ̀hún á ti máa já.

Èyí tó wù mí jù, tí mo sì fẹ́ kí àbúrò rẹ gbọ́, ni bí ó ṣe parí. April 2022, géèmù méjì ṣì kù lẹ́yìn rẹ̀, Ashton Gate ni wọ́n ti gba ife. Ilé Bristol City! Bristol City kan náà tó já bọ́ lọ́wọ́ Beard lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n sì wà lára àwọn tó ń bá Liverpool du ẹnu ọ̀nà kan yẹn. Èrò tó ju 5,000 lọ, 4-2. Mi ò mọ ohun tó wà lọ́kàn ọkùnrin yẹn lọ́jọ́ náà, àmọ́ mo mọ ohun tó wà lọ́kàn tèmi, mo dìde dúró nínú pálọ̀ bí ẹni ń kọ orin ìyìn.

September ọdún yẹn, géèmù WSL àkọ́kọ́ tí wọ́n padà gbá, Chelsea ni, àwọn champion. Chelsea jẹ pẹnáritì láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, Stengel jẹ pẹnáritì méjì, 2-1, ní Prenton Park níbẹ̀ náà.

Beard kú ní September 2025, ọmọ ọdún 47. Ó ṣì ń dùn mí tí mo bá ń kọ orúkọ rẹ̀.

Àdùkẹ́_Merseyside:

Ó dun gbogbo wa níbí. Kí Ọlọ́run tu ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ nínú.

Ọmọ Kop, ohun kan tó kù: wọ́n ti yí orúkọ ìpele yẹn padà sí WSL2 láti 2025/26, wọ́n sì ti ṣí ẹnu ọ̀nà yẹn. Torí wọ́n fẹ́ kí WSL di ẹgbẹ́ 14, wọ́n ní sísìnì 2025/26 méjì máa gòkè tààrà, ẹni kẹta á lọ bá ẹni tó gbẹ̀yìn ní WSL gbá play-off. Tí àbúrò rẹ bá fẹ́ máa wo ìpele yẹn, wọ́n máa ń gbé géèmù sórí YouTube, ọ̀fẹ́ ni. Kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Durham, wọ́n ṣì wà níbẹ̀ ní 2025/26.

Ọmọ_Kop:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. A ti rí fídíò géèmù Bristol yẹn, a ti wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n wa náà wá jókòó tì wá nígbà kejì, kò sọ̀rọ̀ kòrónà mọ́.

Àbúrò mi ní kí n bá òun bi yín: ṣé wọ́n kọ́ Campbell bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù yẹn ni àbí bí apá rẹ̀ ṣe rí nìyẹn? Ó ti gbé bọ́ọ̀lù jáde síta báyìí, mò ń gbọ́ tó ń balẹ̀ lára ògiri.