Àbúrò mi ti rí ipa gbà l'Ékòó o!

Ẹ kú àdúrótì. Níjọ́sí ni mo béèrè bí àbúrò mi obìnrin ṣe lè ráyè wọ eré orí ìtàgé l'Ékòó. Ó ti wọlé! Ipa kékeré ni, ìyá ọlọ́jà tó ń bá oníbàárà fa ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ní Freedom Park ni, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ní Broad Street. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kó máa lọ jókòó níbi ìfidánrawò, kó máa bá wọn ká aṣọ eré, Ọlọ́run á bù kún yín: ibẹ̀ ni olùdarí ti rí i. Ọkùnrin tó ń béèrè owó fọ́ọ̀mù kó tó dán an wò, a ò dá a lóhùn mọ́. Owó ọkọ̀ láti Ìkòròdú ṣì ń dùn wá gan-an. Ìbéèrè mi parí síbí. Ẹ ṣeun púpọ̀.