Òdòdó aṣálẹ̀ wo nìyí?

Ìyá Ẹlẹ́wé, Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi tó wà ní Arizona fi fọ́tò òdòdó yẹ́lò kan ránṣẹ́ lóṣù kẹta. Ó ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè ló bò. Ojú òdòdó náà jọ ti yúnyún wa, àmọ́ ewé rẹ̀ funfun bí eérú. Ewé ni mò ń tà, ó wù mí gan-an láti mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Ṣágámù:
Baileya multiradiata ni, mà. Ewé tiẹ̀ náà funfun.

Tíṣà Ìlíṣàn:
Ẹ bi wọ́n léèrè ọ̀pá rẹ̀, mà. Òdòdó kan ṣoṣo ni Baileya ń gbé sórí ọ̀pá kan. Bó bá jẹ́ igi kékeré, tí ọ̀pá rẹ̀ yọ sókè ju ewé lọ tó sì pẹ̀ka, Encelia farinosa ni. Irun wẹ́wẹ́ ara ewé rẹ̀ ló ń dá ìtànṣán oòrùn padà, kí omi ara rẹ̀ má baà tán. Àwọn àlùfáà Spain ayé àtijọ́ máa ń sun oje rẹ̀ bíi tùràrí. Ẹ sì gbà á nípa yúnyún: ìdílé kan náà ni wọ́n, tòun ti ewúro.

Ìyá Ẹlẹ́wé:
Ó ní igi tó dé orúnkún ni, ọ̀pá rẹ̀ pẹ̀ka dáadáa. Encelia nìyẹn! Ẹ ṣeun, Tíṣà.